Àwọn Òṣìṣẹ́ Ẹ̀yìnkùlé

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè pé kí ni ó ń mú kí irúgbìn so èso, kò ní pẹ́ kí ó tó dáhùn pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni, òjò ni, oòrùn ni, ọkọ́ àti àdá ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ó fiyè sí ẹ̀kọ́, yóò fi ajílẹ̀ kún un. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kò kún. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn ilẹ̀, òjò, oòrùn àti ọkọ́, àwọn kan tún wà tí a kì í kà mọ́ àgbẹ̀, tí a kì í sì í rántí ní ọjọ́ ìkórè. Wọn kò ga, wọn kò sanra. Òmíràn nínú wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò wá sí oko ní ọdún kan, ọwọ́ òfo ni ẹni tí ó gbin ẹlégédé yóò fi wọlé.

Ní ìgbèríko Ìbàdàn, opó kan wà tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kò ju ìlàjì púlọ́ọ̀tì lọ. Inú rẹ̀ ni ìyá náà ń gbin ẹlégédé, tòmátì, ìkàn àti ilá sí lọ́dọọdún. Ó ń já gbọ̀ọ̀rọ̀ tà, ó ń ká ẹlégédé tà, nínú owó rẹ̀ ni ó sì ti ń ran ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, lọ sí ilé-ìwé. Owó náà kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n owó tí kì í yẹ̀ ni. Ní òpin ilẹ̀ náà, lẹ́bàá odi, igbó kékeré kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbìn: efinrin tí a kò ká títí ó fi yọ òdòdó, ewúrò tí orí rẹ̀ ti funfun, bọ̀mubọ̀mu, ewé Akíntọ́lá, àti kùkùté igi gbígbẹ kan tí ihò pọ̀ lára rẹ̀. Ìyá elewé-ọmọ kan, tí òun àti opó yìí ti ń ṣe ọ̀rẹ́ fún nǹkan bí ọdún 40, a máa yà gé ewé níbẹ̀ bí ó bá ń lọ sí ọjà. Wọn a dúró díẹ̀ lábẹ́ ewúrò náà, wọn a sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ó ti pẹ́, wọn a rẹ́rìn-ín, kí oníkálukú tó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ọmọ opó náà ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó wá kí i. Ó rí ejò kan tí ó ń wọ́ wọ inú igbó náà, àyà rẹ̀ sì já. Ó ní, "Màmá, ibi tí ejò ń gbé kọ́ ni ó yẹ kí ẹ máa gbé." Ìfẹ́ ni ó fi sọ̀rọ̀, ìfẹ́ ni ó sì fi ṣiṣẹ́. Ó bẹ lébìrà 2. Wọ́n ṣán igbó náà mọ́lẹ̀, wọ́n hú kùkùté, wọ́n sì da sìmẹ́ńtì sí gbogbo etí odi. Ó ra oògùn apakòkòrò tí ó le, ó kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ti máa fín in sára irúgbìn ní àràárọ̀ Sátidé. Nígbà tí ìyá elewé-ọmọ dé ní ọjọ́ kejì, ó wo ibẹ̀ títí, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí ti lé àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ. Ẹ óò wá wọn tì." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sì lọ.

Òjò ọdún náà rọ̀ dáadáa. Ẹlégédé fà káàkiri, ewé rẹ̀ tẹ́ bí agboòrùn, òdòdó rẹ̀ sì ń là ní ìdájí bí ẹni pé wúrà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlégédé tí kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láìtọ́jọ́, a rọ, a jábọ́. Ìkàn náà yọ òdòdó, ṣùgbọ́n èyí tí ó so lára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyá bomi rin ín, kò gbọ́. Ó fi ìgbẹ́ adìẹ sí i, kò gbọ́. Ó wá rò pé kòkòrò ni ó ń bà á jẹ́, ó sì fi kún oògùn tí ó ń fín. Bí ó ti ń fín tó ni èso ń jábọ́ tó.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tí ìyá elewé-ọmọ sọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ọkàn àwọn ará ilé. Kí ni ó rí tí ó fi ní wọn yóò wá òṣìṣẹ́ tì? Àwọn aládùúgbò dá sí i: ẹni tí ó mọ ewé tí ń wo ọmọ sàn, ṣé kò ní mọ ewé tí ń mú èso rọ? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ni ó ti kó sínú ẹ̀sùn nípasẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ohun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn kò fi dandan jẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ní ilé opó yìí, a kò wádìí. Bí ìyá elewé-ọmọ bá ń kọjá, ilẹ̀kùn a pa dé. Bí ó bá kí wọn, wọn a fi ẹnu lásán dáhùn. Nígbà tí ó yá, òun náà kò gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Ọmọ-ọmọ náà wà ní kíláàsì SS2 ní àkókò yìí. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni ó ti kà á pé oríṣìí òdòdó 2 ni ẹlégédé ń yọ, akọ àti abo. Akọ dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè sì wà nínú rẹ̀. Abo ní ọmọ ẹlégédé róbótó kan ní ìdí. Bí lẹ́búlẹ́bú akọ kò bá dé ara abo, ọmọ ìdí rẹ̀ kò lè dàgbà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń bá àgbàdo ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú ẹlégédé wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ra. Afẹ́fẹ́ kò lè gbé e. Kòkòrò tí ń fò ni yóò gbé e, pàápàá jù lọ oyin. Òdòdó náà kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí ó bá là ní ìdájí, yóò ti pa dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Iṣẹ́ tí a kò bá ṣe láàárín wákàtí mélòó kan wọ̀nyí, a kò lè tún un ṣe lọ́la.

Ọmọ náà gbé àpótí jókòó lẹ́bàá àwọn òdòdó náà ní àárọ̀ ọjọ́ 3. Ó rí èèrà. Ó rí eṣinṣin kan tí ó bà, tí ó sì fò lọ. Kò rí oyin kan ṣoṣo. Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó já òdòdó akọ, ó ya etí rẹ̀ kúrò, ó sì fi àárín rẹ̀ ra àárín òdòdó abo 4 tí ó là ní àárọ̀ ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì. Ó so òwú pupa mọ́ wọn lọ́rùn. Abo 4 mìíràn tí ó là ní àárọ̀ kan náà, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Òwú dúdú ni ó so mọ́ wọn. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, olówùú pupa 3 ti tóbi ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Olówùú dúdú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jábọ́.

Ó pe ìyá àgbà. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo nǹkan." Ìyá wò ó, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan òwú pupa, ó fọwọ́ kan òwú dúdú. Ọmọ náà ní, "Bí ó bá jẹ́ pé Ìyá Elewé-ọmọ ni ó ṣe é, ṣé òwú pupa ni wọ́n ń bẹ̀rù ni?" Ìyá kò dáhùn. Ó jókòó sórí àpótí náà fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlégédé ni ó ń rò. Ilẹ̀kùn tí ó ti ń tì ni ó ń rò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n lọ sí ilé ìyá elewé-ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹkún kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Mo rí i pé o ń ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ nìkan ni ó ń tì í." Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní ọjọ́ kìíní. Ó ní, "Oyin tí ń wá sí ìdí ẹlégédé ní ọjọ́ tí ó bá là, kí ni ẹ rò pé ó ń jẹ ní ọjọ́ tí ẹlégédé kò ì tíì là? Òdòdó ewúrò ni, òdòdó efinrin ni. Ẹ gé oúnjẹ rẹ̀, ẹ wó ilé rẹ̀, ẹ fi májèlé sí èyí tí ó kù, ẹ wá ń retí rẹ̀ síbi iṣẹ́." Kò ka ìwé kankan kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti ń gé ewé ni ó ti ń rí ẹni tí ó ń bà lé òdòdó.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọgbà tuntun. Ọmọkùnrin tí ó ṣán igbó náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ sìmẹ́ńtì etí odi. Wọn kò fojú fo ọ̀ràn ejò: wọn kò gbin ohunkóhun tí ó nípọn sí ìtòsí ilé, wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà tí ó mọ́ la àárín ọgbà kọjá, wọ́n sì gbin àwọn igi kéékèèké ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, tí ènìyàn fi lè rí ìdí wọn. Wọ́n gbin efinrin, wọn kò ká gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ń jẹ́ kí apá kan yọ òdòdó. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewúrò náà, nítorí pé òdòdó ewúrò a máa kún fún oyin. Wọ́n yan irúgbìn ní ọ̀nà tí òdòdó kò fi ní tán nínú ọgbà ní àkókò òjò tàbí ní ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí pé ebi kì í pa òṣìṣẹ́ ní ìgbà iṣẹ́ nìkan. Wọ́n gbé igi gbígbẹ kan ti odi, nítorí oyin ńlá dúdú tí ń gbẹ́ ihò sínú igi. Oyin yìí wúlò fún tòmátì àti ìkàn gidigidi: lẹ́búlẹ́bú wọn há sínú ihò tóóró, oyin náà a di òdòdó mú, a gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì pẹ̀lú ariwo, lẹ́búlẹ́bú náà a sì tú jáde. Oyin tí ń ṣe afárá kò mọ iṣẹ́ yìí í ṣe. Wọ́n fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lásán láìbo ó, nítorí pé àwọn oyin kan wà tí ń dá gbé inú ilẹ̀. Wọ́n gbé àwo pẹlẹbẹ kan kalẹ̀, wọ́n da iyanrìn àti omi díẹ̀ sí i, nítorí pé labalábá a máa fa omi àti iyọ̀ láti inú ilẹ̀ tútù. Omi náà kì í pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà sọ ọ́ di ilé. Ní ti oògùn, wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Kòkòrò tí ó bá ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kòkòrò yìí kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ní ọjọ́ kan, ìyá rí ohun kan tí ó dàbí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí ewé ọsàn kékeré tí ó gbìn. Nígbà tí ó fi igi kàn án, ó rìn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti di kòkòrò ajẹwé aláwọ̀ ewé tí ó sanra. Bí a bá sì ti dà á láàmú, a yọ ìwo méjì tí ó rọ̀, tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí òórùn rẹ̀ kò dára, jáde láti ẹ̀yìn orí. Ìyá gbé bàtà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀. Wọ́n ká àwọn yòókù kúrò lára ọsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n kó wọn sórí ọsàn àgbà kan tí jíjẹ wọn kò lè pa lára. Kòkòrò náà jẹun yó, ó so ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó di ohun tí kò mira. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àpò náà là, labalábá ńlá dúdú alámì ìyeyè jáde láti inú rẹ̀, ó na ìyẹ́ rẹ̀ sí oòrùn títí ó fi gbẹ, ó sì fò. Bàtà ìyá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó, ó sì wo labalábá náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò nìyí. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ràn labalábá. Ta ni ó fẹ́ràn kòkòrò ajẹwé? Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí labalábá kan láyé tí kò ti ibẹ̀ kọjá. Kì í sì í ṣe gbogbo ewé ni kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Labalábá abo a máa fi ẹsẹ̀ tọ́ ewé wò kí ó tó yé ẹyin sí i, nítorí pé ẹsẹ̀ ni ó fi ń mọ adùn. Labalábá pupa rúsúrúsú, tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, tí àmì funfun wà níbẹ̀, fẹ́ràn láti máa yé sórí bọ̀mubọ̀mu. Oje bọ̀mubọ̀mu jẹ́ májèlé, ó sì léwu fún ojú ènìyàn. Ọmọ labalábá yìí ń jẹ ewé náà, ó ń fi májèlé inú rẹ̀ pamọ́ sára, ẹyẹ tí ó bá sì tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá elewé-ọmọ ni ó ní kí wọ́n dá bọ̀mubọ̀mu kan padà sí ìgun odi, ibi tí ọmọdé kì í dé. Ẹni tí ó bá gbin òdòdó nìkan, àlejò ni labalábá yóò jẹ́ nínú ọgbà rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbin ewé tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ, ó ti fún un ní ilé.

A ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Òtítọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ kò lè fi gbogbo ara ṣe iṣẹ́ kòkòrò. Iṣẹ́ ti pín láàárín wọn. Igbá tí a ń pa sí méjì láti fi bu omi, alẹ́ ni òdòdó rẹ̀ funfun máa ń là, nígbà tí oyin ti sùn; àfòpiná wà lára àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ òru. Òdòdó kòkó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí oyin kò fi lè wọ ibẹ̀. Eṣinṣin tín-ín-tín kan ni ó ń wọ ibẹ̀, inú ewé jíjẹrà àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń rà sì ni ó ti ń pọ̀ sí i. A máa ń wí pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí a ń pọ́n àdá sí. Síbẹ̀, owó kòkó wà lára owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó gbé síléètì ní ọdún náà kò mọ̀ pé eṣinṣin kan wà lára àwọn tí ó rán wọn lọ sí ilé-ìwé.

Ọ̀pẹ ni ẹ̀rí tí ó ga jù lọ. Ọmọ bíbí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ. Ní ọdún 1848, a gbin ọmọ ọ̀pẹ 4 sí ọgbà igi kan ní Bogor, ní erékùṣù Java. Lára irú-ọmọ wọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pẹ ilẹ̀ Malaysia ti ṣẹ̀. Ọ̀pẹ rin ìrìn-àjò, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn ni a ń sanwó fún ní Malaysia láti máa fi ọwọ́ da lẹ́búlẹ́bú akọ sára abo. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ nípa kòkòrò kan, R. A. Syed, ṣe ìwádìí ní Cameroon, ó sì fi hàn pé àwọn kòkòrò kéékèèké kan, tí wọ́n jọ èyí tí ń jẹ ẹ̀wà, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe afẹ́fẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ní ọdún 1981, a tú ọ̀kan nínú wọn, Elaeidobius kamerunicus, sílẹ̀ ní Malaysia, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe náà sì di ohun tí a kò nílò mọ́. Ohun tí ọmọ-ọmọ opó yìí fi òdòdó akọ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, odindi orílẹ̀-èdè ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí òṣìṣẹ́ tòótọ́ tó dé.

Ní ọdún 2023, ẹlégédé so ní ẹ̀yìnkùlé opó náà láìsí òwú pupa. Kì í ṣe gbogbo oyin ni ó tètè padà. Odindi àkókò òjò kan kọjá kí ariwo wọn tó tún kún inú ọgbà ní àárọ̀. Ọmọ-ọmọ náà wà ní SS3 nígbà náà, owó ìdánwò rẹ̀ sì ti pé. Ẹlégédé àkọ́ká ọdún náà kò dé ọjà. Ìyá gbé e lé orí, ó gbé e lọ sí ilé ìyá elewé-ọmọ. Wọ́n pín in sí méjì, wọ́n sè é, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, bí ìyá elewé-ọmọ bá ń lọ sí ọjà, a tún máa yà sí ẹ̀yìnkùlé náà. Kò sí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn. Ó ń gé efinrin rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kì í gé èyí tí oyin bá wà lórí rẹ̀. Yóò dúró díẹ̀, yóò jẹ́ kí ó jẹun tán.